Ẹsẹ̀ ọkọ̀ Hiab rì sílẹ̀ ní Aṣérò: kí ló yẹ ká yẹ̀ wò ká tó gbé ẹrù sókè?

Ọ̀dọ́ Awakọ̀ Hiab (Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ Hiab, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù tó ní kírénì lára, káàkiri Abẹ́òkúta, láti Láfẹ́ńwá títí dé Ọbáńtókò, n kò sì tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kan lọ fún oníbàárà ní Aṣérò. Wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára àwo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 2,800 kílò. Kírénì tó wà lórí ọkọ̀ mi jẹ́ ti tọ́ọ̀nù-mítà 10 (ìyẹn ìwọ̀n ẹrù ní tọ́ọ̀nù, tí a fi ìjìnnà rẹ̀ ní mítà sọ di púpọ̀), ibi tí mo sì fẹ́ gbé ẹrù náà sí kò ju mítà 3 lọ sí ìdí kírénì, nítorí náà iṣẹ́ yẹn kò ju agbára ẹ̀rọ lọ. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìyẹn irin tí a ń nà jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó má baà ṣubú, dé òpin, mo na ti òsì náà, mo sì gbé ti òsì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kan tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó gbẹ, kò sí ohun tí èèyàn fi lè fura sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, mo ń yí apá kírénì bọ̀ sí òsì díẹ̀díẹ̀, ni mo bá gbọ́ ìró kan lábẹ́ ilẹ̀ bí ìgbà tí ìkòkò ńlá bá fọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bíi gààrí tó ń jò láti inú àpò. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ti fì sí òsì, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti gbéra nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ gbá fẹ́ǹsì. Mo sọ ẹrù náà kalẹ̀, ọkọ̀ sì padà jókòó. Sọ́kàwéè àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ kò mọ̀, nítorí pé ńṣe ló ra ilé náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ mi ti dúró láàárín jẹnẹrétọ̀ àti fẹ́ǹsì yẹn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú. Omi ló lọ mu.

Ohun tí kò yé mi ni pé aago ìkìlọ̀ kírénì kò dún rárá. Ní Sátidé tó ń bọ̀, mo ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ará àdúgbò kan ní Ìtòkú ti dá owó ra tiransfọ́mà 500 kVA, 1,950 kílò ni wọ́n kọ sí i lára, ilẹ̀ àdúgbò náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú ọ̀nà há, wáyà iná 11 kV (ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fóòtì) sì gba òkè ibẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó lọ.

---

Àgbà Ọpurétọ̀ Láfẹ́ńwá (Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́)

A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó fara pa. Ẹ kú ewu.

Àbúrò mi, aago rẹ kò bàjẹ́. Ohun tí aago yẹn ń wọ̀n ni ìwọ̀n ohun tó wà lẹ́nu ìkọ́ àti bí apá ṣe nà jìnnà tó. Kò ní ojú tó fi lè wo abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọpurétọ̀ gbà pé bí aago bá ti dákẹ́, àlàáfíà ti dé, bẹ́ẹ̀ sì ni pé inú àlàáfíà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ti ń ṣubú. Kírénì mọ ẹrù. Àwa ló yẹ ká mọ ilẹ̀.

Abẹ́òkúta sì tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nítorí pé àpáta pọ̀ nílùú wa, awakọ̀ a máa rò pé gbogbo ibi tí òun bá tẹ ẹsẹ̀ sí ló le. Àpáta lè yọ orí jáde níbí, kó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, ilẹ̀ tí wọ́n kó dí kòtò ni, tí wọ́n fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ìdọ̀tí kún, tí wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ pupa bò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan lè wà lórí àpáta kí èkejì wà lórí ààtàn àtijọ́. Èyí tó wà lórí àpáta kò ní rì rárá, nítorí náà gbogbo ìrìsílẹ̀ yóò wà lápá kan ṣoṣo, ọkọ̀ yóò sì fì.

Nígbà tí mo bá dé ilé tí n kò mọ̀, n kì í kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo máa ń bèèrè ibi tí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, lẹ́yìn náà ni mo máa ń tọ páìpù tó jáde lára ògiri lọ, torí pé ibi tó bá dojú kọ ni sọ́kàwéè sábà máa ń wà. Mo máa ń wo ibi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ibi tí ilẹ̀ ti jìn díẹ̀, àti ibi tí páìpù kékeré kan dá dúró sókè. Mo sì ní ọ̀pá irin kan tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ nínú ọkọ̀. Mo máa ń gún ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yóò dúró sí. Ilẹ̀ tó kún á dún kì, èyí tí ihò wà lábẹ́ rẹ̀ á dún bí ìlù. Ìró méjèèjì kì í jọra, ẹ ó dá a mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dán an wò.

Ní ti gọ́tà àti kòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, má ṣe gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ súnmọ́ ọn. Bí kòtò bá jìn ní mítà 2, ó kéré tán kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ jìnnà sí etí rẹ̀ ní mítà 2, bí ilẹ̀ bá sì rọ̀ tàbí tí òjò ti rọ̀ sí i, ìlọ́po méjì ìyẹn ni kó jẹ́.

---

Ẹnjiníà Ìta-Ọ̀ṣìn (Ọjọ́ Ajé, aago méje òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́yìn, torí pé oníbàárà tó ń kánjú sábà máa ń gbọ́ ìṣirò ju ìkìlọ̀ lọ.

Nígbà tí apá kírénì bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ẹrù àti ti ọkọ̀. Ká ní ẹsẹ̀ kan ru tọ́ọ̀nù 8. Bí àwo tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà bá jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó, ilẹ̀ yóò máa gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 89 lórí mítà onígun mẹ́rin kan (mítà kan níbùú àti lóròó). Bí ẹ bá tẹ́ pákó tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó sábẹ́ rẹ̀, ó di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 22. Bí pákó náà bá jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó, ó di tọ́ọ̀nù 8 péré. Ilẹ̀ amọ̀ tó le díẹ̀ lè gba láti nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7 ààbọ̀ dé 15 lórí mítà onígun mẹ́rin kan láìrì. Ọkọ̀ kan náà, ẹrù kan náà, ilẹ̀ kan náà ni, pákó nìkan ló yàtọ̀. Àmọ́ kí pákó náà nípọn tó. Bí ó bá fẹ́lẹ́, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò ru ẹrù, etí rẹ̀ á sì ká sókè. Èmi máa ń to pákó líle ní ìpele méjì, tí ti òkè dábùú ti ìsàlẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù-mítà, torí mo mọ ọ̀pọ̀ onílé tó gbà pé kírénì tọ́ọ̀nù-mítà 10 lè gbé tọ́ọ̀nù 10. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù tí a bá fi ìjìnnà rẹ̀ sí òpó kírénì sọ di púpọ̀ ni. Ní mítà 2, kírénì yẹn lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5. Ní mítà 5, tọ́ọ̀nù 2. Ní mítà 10, kò ní tó tọ́ọ̀nù kan, torí pé apá kírénì náà ní ìwúwo tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ 2,800 kílò yẹn ní mítà 3 jẹ́ 8.4. Ká ní onílé sọ pé kí wọ́n tì í síwájú di mítà 4, ó ti di 11.2, ó sì ti kọjá agbára ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ mítà kan péré ni wọ́n fi kún un. Àtẹ ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kírénì ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìṣirò orí mi yìí.

Ọkọ̀ tó bá tẹ̀ díẹ̀ náà tún ń pa ìjìnnà yẹn dà. Bí orí apá kírénì bá ga ní mítà 6, tí ọkọ̀ sì fì ní dígíríì 3 péré, ìkọ́ yóò sún síta ní nǹkan bí 31 sẹ̀ǹtímítà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí.

(Ẹnì kan bi mí lọ́jọ́ kan ìdí tí a fi ń pe gbogbo wọn ní Hiab. Orúkọ iléeṣẹ́ kan ní Sweden ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, tí wọ́n sì gbé kírénì alágbára ọ́ìlì sórí ọkọ̀ akẹ́rù ní 1947. Orúkọ náà ló wá di ti gbogbo ọkọ̀ tó bá jọ ọ́ nílé wa.)

---

Ìyá Olóòrùka Kọnkéré (Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀)

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi sì ń dá mi lẹ́bi. Òrùka kọnkéré tí wọ́n fi ń ṣe kànga ni mo ń tà lójú ọ̀nà Kóbapẹ́, èmi sì ni mo sábà máa ń pe ọkọ̀ Hiab. Lọ́dún tó kọjá, awakọ̀ kan sọ fún mi pé òun fẹ́ wá pákó kí òun tó na ẹsẹ̀ ọkọ̀. Òjò ti ń ṣú. Mo ní kó má fi àkókò mi ṣòfò, pé àwọn tó wá ṣáájú rẹ̀ kò bèèrè pákó. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún, òrùka sì bọ́ lulẹ̀ níbi tí ọmọ mi obìnrin ti jókòó ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ mo ṣì máa ń rí ojú ibẹ̀ nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Kí n tó pe ọkọ̀, mo máa ń fi ìwọ̀n ẹrù ránṣẹ́. Ẹnjiníà kan ló kọ́ mi pé kọnkéré tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.4, nítorí náà mo lè ṣírò òrùka mi fúnra mi. Mo máa ń ya àwòrán ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, mo ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ibi tí ẹrù ń lọ, mo sì ń fi ìka han ibi tí gọ́tà, sọ́kàwéè àti wáyà iná wà. Ẹ̀yin tó ń pe ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ẹnu yín lé awakọ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

---

Olówó Ọkọ̀ Méjì (Ọjọ́ Ajé, aago kan ọ̀sán)

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àgbà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwa tó ra ọkọ̀. Bí awakọ̀ mi bá ní òun ò ní ṣiṣẹ́ àfi kí ẹsẹ̀ méjèèjì nà dé òpin, kò sí iṣẹ́ tí a ó rí ṣe ní Ìtòkú, ní Sápọ́n, tàbí nínú àwọn àdúgbò ìsàlẹ̀ Olúmọ. Ojú ọ̀nà kò gbà á. Aago ìkìlọ̀ náà tún máa ń dá iṣẹ́ dúró láìnídìí nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi fún awakọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń pa á. Owó tí mo yá ra ọkọ̀ náà ń béèrè.

---

Àgbà Ọpurétọ̀ Láfẹ́ńwá (Ọjọ́ Ajé, aago méjì ọ̀sán)

Ọ̀gá, mo mọ bí gbèsè ṣe rí, n kò sì ní bá yín jà. Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ sọ, mo fẹ́ fèsì sí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti ẹsẹ̀ tí kò nà dé òpin, àwọn kírénì kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n fi àtẹ mìíràn sí i fún ìgbà tí ẹsẹ̀ bá nà dé ìdajì. Bí ti yín bá ní i, ẹ lò ó, ìwọ̀n tí ẹ ó lè gbé yóò sì dín kù gan-an lápá ibẹ̀. Bí kò bá ní i, kò sí ẹni tó lè fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ pe kírénì tó kéré sí i, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ojú ọ̀nà náà, tàbí kí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ sí gbàgede tó súnmọ́ ibẹ̀, kí wọ́n fi rólà irin yí i débẹ̀.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ibi ìfọ́òkúta kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n so wáyà mọ́ aago ọkọ̀ wa kí ó má baà dún mọ́. Òkúta là ń gbé. Òkúta Abẹ́òkúta tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga sì súnmọ́ tọ́ọ̀nù 2.7, èyí tí ojú kì í gbà gbọ́. Fún oṣù mẹ́jọ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì ń yin ara wa. Ní oṣù kẹsàn-án, mo ń fọ kírénì ni mo rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lábẹ́ apá àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ìpata pupa ń sun jáde láti inú rẹ̀. Mo fi èékánná tọ ọ́, ó ń lọ ni, kò tán títí ó fi yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Apá náà ti ń ya díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gbogbo ẹrù tí aago ì bá ti kọ̀ fún wa. Ká ní a tún lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, n kò mọ orí ẹni tí yóò bọ́ lé. Bí aago bá ń dún láìnídìí, ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò yẹ kó wà lọ́wọ́ awakọ̀.

---

Rígà Àdátán (Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ti sọ ti ilẹ̀ àti ti ọkọ̀, mo fẹ́ fi ti ohun tí a fi ń so ẹrù kún un, torí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì wọn, àmọ́ abẹ́ àga ni wọ́n ń ju bẹ́líìtì sí pẹ̀lú ọ́ìlì àti spánà.

Bí ẹ bá fi bẹ́líìtì méjì tàbí ṣéènì ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 2, ẹ má ṣe rò pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ru tọ́ọ̀nù kan. Bó bá jẹ́ dígíríì 60 ló wà láàárín wọn lókè, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ru nǹkan bí 1,155 kílò. Bí ẹ bá fà wọ́n ṣí di dígíríì 120 nítorí pé okùn kúrú, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ru tọ́ọ̀nù 2 odindi. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ọ́n ni pé kí gígùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan má dín sí àlàfo tó wà láàárín ibi méjèèjì tí ẹ kọ́ ọ sí lára ẹrù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, dígíríì 60 nìyẹn.

Àwọ̀ bẹ́líìtì ní ìtumọ̀ nínú ìlànà àwọn ará Yúróòpù: elésè àlùkò jẹ́ ti tọ́ọ̀nù kan, aláwọ̀ ewé ti tọ́ọ̀nù 2, oníyẹ́lò ti tọ́ọ̀nù 3. Àmọ́ àkọlé tí wọ́n rán mọ́ ọn ni kí ẹ gbà gbọ́, nítorí pé àwọ̀ máa ń ṣá, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́jà ló tẹ̀ lé ìlànà. Bẹ́líìtì tí àkọlé rẹ̀ bá ti já, tí etí rẹ̀ bá ti gé, tàbí tí ẹnì kan bá ti ta kókó sí, ẹ gé e sí méjì kí ẹlòmíràn má baà tún mú un lò. Ṣéènì tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn rẹ̀ bá ti jẹ lọ kò yẹ fún gbígbé ẹrù mọ́. Níbi tí etí ẹrù bá ti mú, ẹ fi táyà tí ẹ gé sáàárín.

Òfin Nàìjíríà lórí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sọ pé kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa yẹ ṣéènì àti okùn tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wò fínnífínní, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6, kó sì yẹ kírénì wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 14. Ti àràárọ̀ kò sí lára ìyẹn o, ọwọ́ àwa tó ń lò ó ni ti àràárọ̀ wà.

---

Ọmọ Iṣẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi ni ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ. Ọ̀gá mi ló ní kí n bi yín fúnra mi. Nígbà tí ẹrù bá wà lókè, ibo ni kí n dúró sí? Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń tì í kó má baà yí.

---

Rígà Àdátán (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje òwúrọ̀)

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa tí o bèèrè. Má fi ọwọ́ kan ẹrù tó wà lókè àyà rẹ mọ́. So okùn gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì dúró sí òkèèrè máa darí rẹ̀. Má ṣe wé okùn náà mọ́ ọwọ́, nítorí pé bí ẹrù bá fà, yóò fà ọ́ lọ. Má ṣe dúró sábẹ́ ẹrù tàbí sábẹ́ apá kírénì. Ibi tí o dúró sí lọ́jọ́ yẹn, láàárín ẹrù àti ògiri, ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí pé kò sí ibi tí èèyàn lè sá gbà. Kí o tó dúró síbì kan, kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí wàá gbà sá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ júwe fún ọpurétọ̀, kí ẹ sì fi ẹnu kò lórí ìtumọ̀ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ní ti "Dúró!", ẹnikẹ́ni ló lè pariwo rẹ̀, ìwọ náà lè pariwo rẹ̀, ọ̀gá rẹ sì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó tó bèèrè ìdí.

---

Oníná Ìbarà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ alẹ́)

Mo rí i pé kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wáyà Ìtòkú yẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níbí.

Kò dìgbà tí apá kírénì bá fara kan wáyà kí iná tó fò sí i. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà sọ pé kí apá, okùn àti ẹrù má ṣe súnmọ́ wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 50 kV lọ ju mítà 3 lọ, ìyẹn kan 11 kV àti 33 kV tiwa. Ti 132 kV jẹ́ nǹkan bíi mítà 4 ààbọ̀, ti 330 kV sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 6. Ní òpópónà tó há, tí tiransfọ́mà sì máa wà lábẹ́ wáyà gan-an, kò sí bí ẹ ó ṣe rí mítà 3 yẹn. Nítorí náà kí iléeṣẹ́ tó ń pín iná pa wáyà náà, kí ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dán an wò pé kò sí iná níbẹ̀, kí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀ níwájú yín, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi wáyà so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ kí iná tó bá wọ̀ ọ́ lè lọ sínú ilẹ̀. Pé kò sí iná ní àdúgbò kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń dé lójijì.

Bí apá bá ti kan wáyà, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ jókòó síbẹ̀, kó pariwo pé kí gbogbo èèyàn jìnnà, kó sì dúró títí wọn yóò fi pa iná. Wáyà tó kú lè tún gba iná padà fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń jó, tó sì di dandan láti sọ̀ kalẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ fò jìnnà, kó má ṣe di ọkọ̀ mú bí ó ti ń tẹlẹ̀, kó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lọ láìgbé ìṣísẹ̀ gbọọrọ, nítorí pé iná máa ń tàn kálẹ̀ nínú ilẹ̀, agbára rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kan kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ kejì. Ọpurétọ̀ tó dúró nílẹ̀, tó ń di ọ̀pá ìdarí lára ọkọ̀ mú, ni ewu náà súnmọ́ jù.

---

Àgbà Ọpurétọ̀ Láfẹ́ńwá (Ọjọ́rú, aago méje òwúrọ̀)

Ó ṣeun, Oníná. Àbúrò, ohun kan kù nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì ọwọ́ ń di mú. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kírénì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ títí táyà fi kúrò nílẹ̀, bíréèkì náà kò di ohunkóhun mú mọ́, ọkọ̀ sì lè yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa kan ilẹ̀, fi igi há gbogbo rẹ̀, kí o sì wo ìwé kírénì rẹ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe lè da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó. Bí iṣẹ́ bá sì ti tán, ká apá sílẹ̀, fi irin ìdè há ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n má baà yọ jáde lójú ọ̀nà, kí o sì yọ PTO (ohun tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì fún kírénì) kí o tó gbéra.

---

Olówó Ọkọ̀ Méjì (Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án alẹ́)

Bàbá, mo ti gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ awakọ̀ mi. Mo tún ní kó fọ abẹ́ apá kírénì kó sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Títí di báyìí, a kò rí ìlà kankan.

---

Ọ̀dọ́ Awakọ̀ Hiab (Ọjọ́ Àìkú, aago méje alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti gbé tiransfọ́mà náà kalẹ̀.

Mo lọ wo ibẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò náà. Mo gún ilẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ní ibi tí mo ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí, ọ̀pá dún bí ìlù. Bàbá dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá rántí pé kànga kan wà níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé wọ́n ti dí i. Mo sún ọkọ̀ sókè ní mítà mẹ́rin, níbi tí àpáta wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ méjèèjì sì nà dé òpin níbẹ̀, nítorí pé wọ́n bá mi gbé ìsọ̀ aláàdìrẹ kan sẹ́yìn fún wákàtí kan, oníṣọ̀ náà kò sì bá wa bínú.

Àwọn oníná dé ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n pa wáyà, wọ́n dán an wò, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n fún mi níwèé. Mo gbé tiransfọ́mà sókè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, mo sì dúró. Ẹsẹ̀ orí àpáta kò mira. Pákó abẹ́ ẹsẹ̀ kejì rì tó ìka méjì. Mo sọ ẹrù kalẹ̀, a fi ìpele pákó kejì sí i, a tún dán an wò, kò sì rì mọ́. Láti orí ọkọ̀ dé orí kọnkéré tí wọ́n mọ fún un, ìjìnnà rẹ̀ sí òpó kírénì kò fi ìgbà kankan kọjá mítà 4. Ọmọ iṣẹ́ mi di okùn rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì pariwo "Dúró!" lẹ́ẹ̀kan nítorí ọmọdé kan tó sáré kọjá. Mo dúró.

Ní ti Aṣérò, mo ti bá onílé sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó kó iyẹ̀pẹ̀ lọ dí sọ́kàwéè náà, a ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára fẹ́ǹsì níbẹ̀, kí awakọ̀ mìíràn tó bá wá lè rí i.